BÍ A TI Í MÚ AJÁ TUNTUN WỌ ÀÁRÍN ÀWỌN AJÁ TÍ Ó TI WÀ NÍLÉ

Ìwé kékeré fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ

1. OHUN TÍ ÌWÉ YÌÍ WÀ FÚN



Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ abà wa, ajá kan kì í tó. Àgbẹ̀ a máa ní méjì tàbí mẹ́ta tí ń lé ọ̀yà kúrò nínú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí ń ṣọ́ ewúrẹ́ àti adìẹ lóru, tí ó sì ń bá a lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, tàbí tí ó bá darúgbó, a ó wá òmíràn kún un. Ọjọ́ tí a bá mú èyí tuntun dé ni wàhálà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó jù ú sí àárín àgbàlá, a ó sì wí pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn." Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí ọ̀kan ti fàya, èkejì ń tiro, ọmọ tí ó sì sáré wá láti làjà ti fi ọwọ́ gba eyín.

Ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dandan. Ohun tí ó sábà máa ń fà á kì í ṣe ìwà búburú ajá tuntun, bí kò ṣe ìkánjú àwa tí a mú un wá. Àwọn àgbà wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwé yìí yóò fi hàn yín bí a ti í fi ẹ̀sọ̀ mú ọ̀rọ̀ yìí, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ń ronú àtira ajá títí di ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò jùmọ̀ lọ sí oko ọdẹ.

2. OHUN TÍ AJÁ Ń JÀ LÉ LÓRÍ

Ẹ ṣe àkíyèsí àwọn ajá yín fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó sì rí i pé ìjà wọn kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń jà lé lórí nìwọ̀nyí:

(a) Oúnjẹ, pàápàá jù lọ egungun àti ẹran tútù.
(b) Ibi ìsùn, bí abẹ́ àká tàbí ẹ̀bá ààrò tí eérú rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.
(d) Ẹnu ọ̀nà tóóró, níbi tí ajá méjì kò ti lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.
(e) Ọmọ ajá tí ó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀.
(ẹ) Abo ajá ní àkókò tí ó ń wá akọ.
(f) Ojúrere olúwa wọn, nígbà tí ó bá ti oko dé tí gbogbo wọn sì fẹ́ kí i.

Ẹ ó ṣe àkíyèsí pẹ̀lú pé kò sí ajá kan tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ohun gbogbo. Èyí tí ó yọ̀ǹda ibi ìsùn fún ẹlòmíràn lè má yọ̀ǹda egungun fún un láéláé. Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kà sí iyebíye, kí ẹ má sì jẹ́ kí ajá tuntun kọ́kọ́ pàdé wọn níbi nǹkan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láàárín ajá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi agbára jọba, àti pé ẹni tí ó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pàṣán hàn wọ́n pé òun ni ọba gbogbo wọn. Ìwádìí lórí ìkookò, ẹranko ilẹ̀ òtútù tí ó jẹ́ ìbátan ajá, wà lára ohun tí ó mú kí èrò yìí tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1947, Rudolf Schenkel kọ̀wé nípa àwọn ìkookò tí a sé mọ́ inú ọgbà ẹranko ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland. Àwọn ẹranko náà wà ní ìhámọ́, wọn kò sì lè sá fún ara wọn. David Mech, ará Amẹ́ríkà, tan irú èrò náà kálẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1970. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti wo ìkookò nínú ìgbẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó tún kọ̀wé ní 1999 pé agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́ bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn, àti pé wọn kì í fi ogun du ipò ọba. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìhámọ́ àti àìríbi-sá-sí a máa sọ ẹranko di oníjà. Ẹ má ṣe sé àwọn ajá tí kò mọ ara wọn mọ́ ojú kan, ẹ má sì fi pàṣán kọ́ wọn ní ìrẹ́pọ̀.

3. KÍ Ẹ TÓ MÚ AJÁ TUNTUN WÁ

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí oúnjẹ bá wà tí yóò tó gbogbo wọn. Ajá mẹ́ta tí ó yó sàn ju márùn-ún tí ebi ń pa, nítorí ajá tí ebi ń pa kò lè fẹ́ràn àlejò. Ẹ bi ara yín pẹ̀lú bí èyí tí ẹ ní bá ṣe lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń fẹ́. Àwọn àgbà ti wí pé ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ojúlé kejì ni ẹ fẹ́ ṣọ́, ó lè sàn kí ajá tuntun máa gbé ibẹ̀ ju kí ó wá kún agbo tí ó wà nílé.

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ ó mú òmíràn wá, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Akọ àti abo a máa tètè bára wọn rẹ́ ju akọ méjì tàbí abo méjì lọ. Ìjà abo méjì tí wọ́n jùmọ̀ ń gbé ilé kan a máa le, ó sì ṣòro láti parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ ajá, ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ nípa títẹ akọ lọ́dàá tàbí ṣíṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má bàa lóyún mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ ajá ni, ẹ má gbà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ ajá fi ń kọ́ bí a ti í bá ajá ẹgbẹ́ ẹni gbé. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ pé bí òun bá ge ẹlòmíràn jẹ jù, eré yóò tú ká. Èyí tí a gbà tètè jù a máa dàgbà láìmọ ìwọ̀n eyín ara rẹ̀. Ní ìparí, bí ọ̀kan nínú àwọn ajá ilé bá ń ṣàìsàn, tàbí bí ó bá ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

4. Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ ÌYÀSỌ́TỌ̀

Ajá tí a rà lọ́jà tàbí tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ lè gbé àìsàn wọlé. Nítorí náà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, níbi tí àwọn ará ilé kò ti lè fi imú kàn án, pẹ̀lú omi, ibòji àti àwo tirẹ̀. Àwọn ajá àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ yọ eégbọn ara rẹ̀, kí ẹ sì gba oògùn aràn fún un. Bí ó bá ń bì tí ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí bí ojú àti imú rẹ̀ bá ń ṣe ikun tí kò sì jẹun, ẹ tètè ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko.

Ọ̀ràn tí ó tóbi jù ni ti àrùn dìgbòlugi. Àrùn yìí ń pa tó 59,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ó ti ń pa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹnu ajá sì ni ó ti ń ran fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ó lè fara pamọ́ sínú ajá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀, nítorí náà ọjọ́ 14 yìí kò tó láti fi dáni lójú pé ajá kò ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò wa. Ajá tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta kí ó gbà á, kí ó sì máa tún un gbà gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko bá ti là á sílẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ lọ́dọọdún. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 28 ni a máa ń kà kí a tó gbà pé ààbò ti dé. Ẹ rí i dájú pé àwọn ajá àtijọ́ ti gba tiwọn kí àlejò tó wọlé.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, bí ara ajá tuntun bá dá ṣáṣá, ẹ mú àpò tí ó ń sùn lé lọ sí ibi tí àwọn ará ilé ń sùn, kí ẹ sì mú tiwọn lọ fún un. Imú ni ajá fi ń mọ ẹni. Nípa báyìí, wọn yóò ti mọ òórùn ara wọn kí ojú wọn tó pàdé.

5. ÌPÀDÉ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé nínú àgbàlá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará ilé kà sí ìní wọn. Ẹ wá ojú ọ̀nà kan tí ó gbòòrò tàbí pápá kan tí ajá yín kì í sábà dé. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò mú. Kí àgbàlagbà méjì tí ó lágbára wà níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan ní ajá mẹ́ta: Ẹ̀yìnlàrò, abo àgbà tí ó ní sùúrù, Tanímọ̀la, akọ tí ó ń fẹ́ràn egungun ju ara rẹ̀ lọ, àti Máwòmí, akọ tí kò fẹ́ràn àlejò. Ajá tuntun náà ń jẹ́ Sùúrù. Ẹ̀yìnlàrò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé Sùúrù, òun nìkan ṣoṣo. Bí a bá kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ajá mẹ́ta yóò yí ẹnì kan ká, ẹ̀rù yóò bà á, ìbẹ̀rù yóò sì di ìjà.

Ẹnì kan yóò mú Ẹ̀yìnlàrò lókùn, ẹnì kejì yóò mú Sùúrù. Wọn yóò jọ máa rìn lọ sí ọ̀nà kan náà, tí àlàfo tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 wà láàárín wọn. Okùn náà kò gbọ́dọ̀ le, nítorí bí a bá fa okùn ajá le, a máa rò pé nǹkan búburú ń bọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń rìn láìwo ara wọn kọ́, ẹ máa dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti rìn fún bí ìdajì wákàtí pẹ̀lú àlàáfíà, ẹ jẹ́ kí wọn gbóòórùn ara wọn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pè wọ́n kúrò, kí ẹ sì tún máa rìn lọ. Ìpàdé kúkúrú tí ó parí dáadáa sàn ju èyí tí ó gùn tí ó sì bàjẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú Tanímọ̀la wá ní ọ̀nà kan náà. Máwòmí ni kí ó kẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kàn án. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti bá Sùúrù rìn láìjà ni kí ẹ tó kó wọn rìn pọ̀, kí gbogbo wọn sì jọ wọ inú àgbàlá láti ìta.

6. BÍ A TI Í MỌ OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́KÀN AJÁ

Ajá kì í bẹ̀rẹ̀ ìjà láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ́. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ súnmọ́ ẹnì kejì, tí ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, tàbí tí ó tẹ àyà rẹ̀ sílẹ̀ tí ó gbé ìdí sókè bí ẹni tí ń pè é síré, àlàáfíà ni. Bí ara rẹ̀ bá le gan-an bí igi, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tí ó pa ẹnu dé, tí ó tẹjú mọ́ ẹnì kejì láìṣẹ́jú, tàbí tí ó gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, ẹ pè wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn kíákíá. Kì í ṣe gbogbo ìrù tí ń mì ni ó ń fi ayọ̀ hàn: ìrù tí ó nà sókè gan-gan tí ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lè jẹ́ ti ìjà.

Ẹ má ṣe na ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀ kí ó tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Bí a bá fi pàṣán gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní ọjọ́ mìíràn yóò bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀ rárá.

7. NÍNÚ ILÉ

Àwọn òfin tí ó gbọ́dọ̀ wà nílé fún oṣù àkọ́kọ́, ó kéré tán, nìwọ̀nyí:

(a) Kí olúkúlùkù ní àwo tirẹ̀, kí wọn sì jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò fi ní lè rí inú àwo ẹnì kejì. Ẹ kó àwo kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jẹun tán.
(b) Ẹ má ju egungun kan ṣoṣo sí àárín ajá púpọ̀. Bí ẹ ó bá fún wọn, kí ẹ ya wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín in.
(d) Kí ajá tuntun ní ibi ìsùn tirẹ̀, kí ó má ṣe gba ti ará ilé.
(e) Bí ẹ bá ti oko dé, ẹ kí àwọn ará ilé bí ẹ ti máa ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Ajá tí olúwa rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ nítorí àlejò kò ní fẹ́ràn àlejò náà.
(ẹ) Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ papọ̀ nígbà tí kò bá sí àgbàlagbà nílé. Ní òru, kí ilẹ̀kùn tàbí ọgbà tí ó dúró dáadáa pààlà láàárín wọn.
(f) Ẹ má so ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ẹ sì tú àwọn ìyókù sílẹ̀ láti máa rìn yí i ká. Èyí tí a so kò lè sá, nítorí náà ìjà nìkan ni ó kù fún un.

Bí ajá àgbà bá kùn sí ọmọ ajá tí ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ọmọ náà sì yí ikùn sókè tí ó sì dẹ̀yìn, ẹ má dá sí i. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń lépa ọmọ tí ó ti túúbá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

8. NÍ OKO ỌDẸ

Oko ọdẹ ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Ariwo, eré sísá àti òórùn ẹ̀jẹ̀ a máa mú orí ajá gbóná, ọ̀rẹ́ àná sì lè di ọ̀tá lórí òkú ọ̀yà. Ẹ kọ́kọ́ máa mú ajá tuntun lọ pẹ̀lú ẹyọ kan nínú àwọn àgbà, èyí tí ó gbọ́ ìpè jù lọ. Ẹ kọ́ ọ kí ó mọ orúkọ rẹ̀ àti ìpè fèrè yín kí ẹ tó tú okùn rẹ̀. Nígbà tí a bá pa ẹran, kí ọdẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ó gbé e sókè, kí ó sì so àwọn ajá kí ó tó pín ìfun fún olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

9. BÍ ÌJÀ BÁ BẸ́ SÍLẸ̀

Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ àárín wọn, ẹ má sì di ọrùn ajá mú. Ajá tí ń jà kì í mọ ọwọ́ olúwa rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò. Ẹ da korobá omi lé wọn lórí, tàbí kí ẹ lu agbada kíkankíkan. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ ti pákó tàbí agbọ̀n ńlá bọ àárín wọn, tàbí kí ẹ da àpò kòkó bo orí wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kí ènìyàn méjì di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọn sì fà wọ́n sẹ́yìn nígbà tí eyín bá tú. Bí a bá fà wọ́n nígbà tí eyín ṣì wọlé, ẹran ara yóò ya. Lẹ́yìn èyí, ẹ yà wọ́n nípá fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

10. BÍ AJÁ BÁ BU ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Ẹ má fi ata, epo, eérú tàbí àgúnmu sí i. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró wò ó bóyá àmì yóò hàn, nítorí ìgbà tí àmì bá hàn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ má sì sáré pa ajá náà. Bí ó bá ṣeé sé mọ́ láìséwu, ẹ sé e mọ́, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko láti wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tí àrùn dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ yóò ṣàìsàn tàbí kí ó kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Bí ó bá ń da itọ́, bí ohùn rẹ̀ bá yípadà, bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ja wálẹ̀ tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí bí ajá onínúure bá ṣàdédé ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má súnmọ́ ọn.

11. Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Nígbà mìíràn, a ó ṣe gbogbo èyí, ajá méjì kò sì ní rẹ́. Kò sí ìtìjú nínú pé kí a wá ilé mìíràn fún ajá tuntun náà, lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní òmíràn. Ìtìjú ni kí a máa dúró títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi ta sílẹ̀, tí ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, sùúrù oṣù kan yóò so èso ọdún púpọ̀. Ẹ ó jáde ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹ ó sì bá ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n nà gbalaja sí ojú oòrùn kan náà, tí ẹnì kan gbé orí lé ẹ̀yìn ẹnì kejì. Ní ọjọ́ náà ni ẹ ó mọ̀ pé agbo yín ti pé. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn agbègbè yín tàbí dókítà ẹranko tí ó súnmọ́ yín jù lọ.